Sẹ́ńsọ̀ gọ́ọ̀fù nínú pálọ̀ wa ní Sùúrùlérè: ohun tójú mi rí

Ẹ̀rọ tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ ẹ̀ yìí ò ju àtàǹpàkò méjì lọ. Àbúrò mi ọkùnrin tó wà ní Houston ló fi rán ẹnì kan tó ń bọ̀ nílé, ó kì í sáàárín ìbọ̀sẹ̀ àti ìpara tó rà fún màmá wa, ìyẹn ló fi jẹ́ pé ọwọ́ màmá ló kọ́kọ́ bọ́ sí, tí màmá wá ń bi mí lórí fóònù pé "ṣé bátìrì aago nìyí ni àbí kí ni?" Sẹ́ńsọ̀ gọ́ọ̀fù ni. Ẹ ó dè é mọ́ ìdí igi gọ́ọ̀fù, lápá ibi tọ́wọ́ ń dì mú, Bluetooth á so ó mọ́ áàpù lórí fóònù, ẹ ó gbé ojú fóònù yẹn sórí TV, ó parí, ẹ ti dé Pebble Beach, pápá gọ́ọ̀fù ńlá kan ní Amẹ́ríkà, pẹ̀lú ṣòkòtò pénpé nínú pálọ̀ yín ní Sùúrùlérè.

Mi ò kì í ṣe ògbóǹtagí o. Iṣẹ́ kílíárìǹsì ni mò ń ṣe ní Àpápá, mo ti lé lógójì ọdún kí n tó mọ bí wọ́n ṣe ń di igi gọ́ọ̀fù mú, oníbàárà kan ló fà mí wọ̀ ọ́, mo sì rò pé ọ̀rọ̀ ọ̀sẹ̀ kan ni. Iye ìgbà téèyàn gbá bọ́ọ̀lù ni wọ́n ń kà, bó bá ṣe kéré tó ló ṣe dáa tó: ẹni tó bá gbá ihò 18 pé, tó gbá a ní 72, ọ̀gá nìyẹn. Tèmi, 108 ni, 110 ni, ọjọ́ tí orí bá gbè mí, 105. Pápá tí mo máa ń lọ wà ní Ìkejà, Sátidé nìkan ló sì ń yọ̀ǹda fún mi, àárọ̀ kùtù, kí gbogbo ayé tó kó aṣọ ẹbí sọ́rùn kí ọ̀nà ó tó dí. Owó pápá, owó kádì tó ń bá èèyàn gbé igi, owó bọ́ọ̀lù tí omi gbé mì, ká má tíì sọ ti epo. Nígbà tí àbúrò mi wáá ní òun ti rí ńkan tí màá fi máa gbá a nílé lálẹ́ lálẹ́ láìsan kọ́bọ̀, ṣé mo máa kọ̀ ni?

Igi kúkúrú kan bá a wá, tí wọ́n fi ìwúwo sí lórí kó lè dà bí igi gidi lọ́wọ́, òun ni mo kọ́kọ́ lò, gbogbo ẹ̀ dùn. Ọjọ́ kejì ni mo ní kí n fi driver mi gan-an, igi tó gùn jù tí wọ́n fi ń gbá bọ́ọ̀lù lọ jìnnà, ṣe é. Driver tó íǹṣì 45, apá tèmi náà ò kúrú, fáànù òkè pálọ̀ wa sì rọ̀ wálẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Mo wọn iwájú, mo wọn ẹ̀yìn, mo gbé tábìlì àárín kúrò, òkè nìkan ni mi ò wò. Mo gbé igi lọ sẹ́yìn, ó dé òkè láìkan ohunkóhun, mo ní Ọlọ́run ṣeun, àṣé ìgbà tó bá ń bọ̀, tó ti kọjá ibi bọ́ọ̀lù, tó ń gòkè lọ sí apá kejì, ni yóò lọ kí fáànù. Gbàgà! Abẹ́ fáànù kan fò lọ lu kọ́tìnì, ó jábọ́ sẹ́yìn àga. Ìyàwó mi yọjú láti kíṣìnì, ó wo fáànù, ó wo èmi, ó ní "Dádì, ṣé ó wọ ihò?" Ó padà sídìí ẹ̀fọ́ ẹ̀.

Torí náà ẹni tó bá fẹ́ gbìyànjú ẹ̀, kó dúró síbi tó máa dúró sí gan-an, kó gbé igi tó gùn jù lọ́wọ́ ẹ̀, kó fì í díẹ̀díẹ̀ bí ẹni tó ń tọwọ́ bọ ìkòkò gbígbóná, lọ sẹ́yìn, padà bọ̀, títí tó fi máa parí lókè ní apá kejì. Àjà tó ga tó ẹsẹ̀ bàtà 10 ló rọrùn, ṣùgbọ́n ẹ ti yọ fáànù kúrò nínú ìṣirò yẹn kẹ́ ẹ tó máa yọ̀. Kẹ́ ẹ sì fi okùn igi kúkúrú yẹn kọ́ ọrùn ọwọ́ o. Mi ò ní ṣàlàyé bí mo ṣe mọ̀, TV wa ṣì wà láyé, ìyẹn náà tó.

Ohun tó wà nínú sẹ́ńsọ̀ yẹn, irú ẹ̀ wà nínú fóònù yín, òun ló ń jẹ́ kí fóònù mọ̀ pé ẹ ti dà á dùbúlẹ̀ tí àwòrán fi ń yí: ọ̀kan ń mọ bí ìrìn ṣe ń yára sí i, èkejì ń mọ bí ńkan ṣe ń yí. Kò lójú. Kò rí bọ́ọ̀lù, kódà kò mọ̀ bóyá bọ́ọ̀lù wà níbẹ̀. Bí ọwọ́ ṣe rìn ló ń wò, áàpù á wáá ṣírò pé tí ọwọ́ bá rìn báyìí, bọ́ọ̀lù ì bá lọ síbí. Gbólóhùn "ì bá" yẹn, ẹ fi sọ́kàn, ó pẹ́ kí n tó gbọ́ ọ yé. Tẹ́ ẹ bá ti tàn án, ẹ máa gbé e kalẹ̀ níbi tó tẹ́jú, kẹ́ ẹ má fọwọ́ kàn án, kó fi mọ ibi tó wà. Èmi ń gbé e sílẹ̀ẹ́lẹ̀, gbogbo bọ́ọ̀lù mi ń gba ọ̀tún lọ, mo ń bú ara mi, mo ń yí ẹsẹ̀ padà, mo ń wo fídíò, ó tó ọjọ́ mẹ́rin kí n tó rántí pé ilẹ̀ pálọ̀ wa ò tẹ́jú, tẹ́ ẹ bá da omi sí i, ọ̀nà bálíkóńì ló ń lọ. Mo gbé e sórí tábìlì oúnjẹ, bọ́ọ̀lù bẹ̀rẹ̀ sí í lọ tààrà. Síbẹ̀ tó bá ti pẹ́ lọ́wọ́, ìtọ́ka ẹ̀ máa ń yẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ẹ ó kàn tún un gbé kalẹ̀ ni. Ti iná, ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n. Ihò keje Pebble Beach, tí yáàdì ẹ̀ ò fi bẹ́ẹ̀ ju 100 lọ, tí òkun wà lẹ́yìn ẹ̀, mo gbá bọ́ọ̀lù kan síbẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ kan, ó wà lófuurufú, ó ń bọ̀ wálẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ àsíá, wọ́n mú iná lọ. Títí di òní mi ò mọ ibi tó bọ́ sí.

Ọmọ mi obìnrin, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, ló tú àṣírí ẹ̀rọ náà. Mo ti ń gbá driver dé yáàdì 230, 235, mo ń làágùn, mo ń mí hẹlẹhẹlẹ. Ó ní òun náà fẹ́ ṣe. Kò dìde lórí àga o. Chin-chin wà lọ́wọ́ òsì ẹ̀, ó fi ọwọ́ ọ̀tún mú igi kúkúrú yẹn, ó ju ọrùn ọwọ́ pẹ́ẹ́ bí ẹni tó ń lé eṣinṣin. TV ní yáàdì 261, àárín gbùngbùn pápá. Ó ju chin-chin sẹ́nu, ó ní "Dádì, ṣé mo ti borí yín?"

Ó yẹ kí n ti gbọ́n níbẹ̀. Kàkà bẹ́ẹ̀, ṣe ni mo lọ kọ́ bó ṣe ṣe é! Mo wòye pé tí mo bá jẹ́ kí ara dúró, tí mo wáá ju ọrùn ọwọ́ nígbà tó kù díẹ̀ kó kan ibi tí bọ́ọ̀lù yẹ kó wà, nọ́ńbà á ga sókè fíofío. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni mo fi ṣe bẹ́ẹ̀, alaalẹ́, lẹ́yìn tí mo bá ti Àpápá dé tí orí ń fọ́ mi. Mo gbá 74 ní Pebble Beach. Èmi! Mo ya àwòrán ẹ̀, mo fi ránṣẹ́ sí àwọn tá a jọ ń gbá a ní Sátidé, ọ̀kan ní kí n wá gba owó lọ́wọ́ òun tí mo bá gbá 90 lójúkojú. Mo gbà.

112.

Bọ́ọ̀lù àkọ́kọ́ tẹ̀ sósì, ó wọ igbó. Èkejì tẹ̀ sósì. Pẹ̀lú iron, igi olórí irin tó kúrú ju driver lọ, ilẹ̀ ni mo kọ́kọ́ ń gbá, ìgbà òjò sì ni, ilẹ̀ rọ̀, ńkan tó ń fò síwájú ju ti bọ́ọ̀lù lọ ni ẹrẹ̀, ó bá mi dé ẹnu. Kádì tó ń bá mi rìn jù mí lọ dáadáa, bàbá tó ti ń gbé igi gọ́ọ̀fù kí n tó jáde ilé ìwé, mo ń pè é ní bàbá, ó ń pè mí ní ọ̀gá, báyẹn la ṣe ń ṣe é. Kò sọ ńkan kan títí dé ihò kẹfà. Ó wáá gbé àpò sílẹ̀, ó ní "Ọ̀gá, ta ló ń bá yín jà?"

Mo ní kò sẹ́ni kankan, bàbá.

Ó ní "Ọwọ́ yín ti sá kúrò lára yín. Ẹ máa fẹnu wí i: rọ-ra-lọ, gbà. Tẹ́ ẹ bá ń gbé e lọ sẹ́yìn, rọ-ra-lọ. Tẹ́ ẹ bá ń bọ̀, gbà. Ẹ má sọ gbà kí lọ ó tó tán."

Ojú tì mí láti máa wí i sókè, àwọn ọ̀gá ńláńlá wà lórí ihò tó tẹ̀ lé wa, ṣùgbọ́n mo ń wí i nínú ikùn, mo sì gbá bọ́ọ̀lù mẹ́ta tó dáa kí eré ó tó parí. Mẹ́ta nínú 112, kì í ṣe ńkan tá à ń lu ìlù sí, ṣùgbọ́n mo mọ̀ ọ́n lára pé ó yàtọ̀.

Nígbà tí mo délé lálẹ́ ọjọ́ náà ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wá rí ohun tí sẹ́ńsọ̀ yẹn wúlò fún. Ibì kan wà nínú áàpù tó máa ń fi hàn yín bí ìlọ sẹ́yìn igi ṣe pẹ́ tó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìbọ̀ ẹ̀. Mi ò tẹ ibẹ̀ rí, yáàdì ló gba gbogbo ojú mi. Àwọn tó fi gọ́ọ̀fù jẹun, tí ìbọ̀ igi wọn bá gba ìgbà kan, ìlọ ẹ̀ sábà máa ń gba bíi mẹ́ta. Mo fi jíjù ọrùn ọwọ́ tèmi wò ó: 1.8. Mo mú iron 7 gidi, mo de sẹ́ńsọ̀ mọ́ ọn, mo wí i sókè, ta ló máa gbọ́, rọ-ra-lọ, gbà. 2.7. Mo tún un ṣe. 2.9. Háà! Sílébù mẹ́ta lọ, ọ̀kan bọ̀. Bàbá yẹn ò ní fóònù tó ń tẹ áàpù o, tọ́ọ̀ṣì ló wà lórí tiẹ̀. Mo jókòó sílẹ̀, mo rẹ́rìn-ín. Látìgbà náà, mo kì í wo yáàdì mọ́ nílé, mo ti fi páálí kékeré kan lẹ apá ibẹ̀ pa lójú TV, ìyàwó mi rò pé TV ló fọ́.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yáàdì yẹn ṣì ń dùn mí, torí ọ̀rẹ́ mi kan wà ní Ìkòyí, kò jìnnà sí Ikoyi Club 1938 tó ní pápá ihò 18 tiẹ̀, ọkùnrin náà ya yàrá kan sọ́tọ̀ nílé ẹ̀ fún gọ́ọ̀fù, ó ta aṣọ funfun sára ògiri, ó gbé pirojẹ́kítọ̀ kọ́ sókè, ó sì ra èyí tó ní kámẹ́rà. Ìyẹn, bọ́ọ̀lù gidi lẹ máa gbá, ẹ̀rọ á wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín, á ya àwòrán bọ́ọ̀lù bó ṣe ń kúrò lójú igi, á rí bó ṣe yára, bó ṣe gòkè sí, bó ṣe ń yí. Driver tó jẹ́ 235 nílé mi, 198 ló jẹ́ níbẹ̀. Mo ní ẹ̀rọ yín ò dáa. Ó ní kí n tún un gbá. 196. Ó wá nawọ́ sí nọ́ńbà méjì: igi mi ń rìn ní máìlì 92 ní wákàtí kan, bọ́ọ̀lù ń kúrò ní 128. Ẹ pín 128 sí 92, bíi 1.39 lẹ máa rí, ẹni tó bá sì gbá driver láàárín ojú igi gan-an á rí tó bíi 1.5. Ó ní "Ọwọ́ ẹ yára o, àmọ́ o ò fojú igi kan bọ́ọ̀lù dáadáa." Ìgbà yẹn ni "ì bá" yẹn tó wáá yé mi. Sẹ́ńsọ̀ tèmi tí kò rí bọ́ọ̀lù, ó ti gbà lọ́kàn ẹ̀ pé àárín ni mò ń fi gbá a nígbà gbogbo, ó ń fọkàn tán mi ju bó ṣe yẹ lọ.

Báwo lèèyàn ṣe máa mọ ibi tó fi ń gbá a láìra ẹ̀rọ olówó ńlá? Àtíkè ni. Àtíkè ọmọdé lásán. Ẹ fi aṣọ tútù díẹ̀ nu ojú driver, ẹ fọ́n àtíkè sí i, ẹ gbọn èyí tó pọ̀ jù dànù, ẹ fi gbá bọ́ọ̀lù kan, ẹ wáá wò ó: ibi tí bọ́ọ̀lù ti kàn, àtíkè á ṣí níbẹ̀, á fi àmì roboto sílẹ̀ bí ojú owó ẹyọ. Mo ṣe é níbi tí wọ́n ti ń fi bọ́ọ̀lù dánra wò, mo gbá mẹ́wàá, méje nínú ẹ̀ wà lápá ìdí, níbi tí ọ̀pá ti wọ orí igi. Mo dúró jìnnà sí bọ́ọ̀lù sí i díẹ̀, kò tó íǹṣì kan, àmì bẹ̀rẹ̀ sí í sún wá sáàárín. Bàbá kádì ń wò mí tí mò ń fọ́n àtíkè, ó ní "Ọ̀gá, ṣé igi náà lóòru ni?"

Ti máàtì náà ńkọ́. Máàtì tí mo tẹ́ sílé kì í jẹ́ kéèyàn mọ̀ pé ilẹ̀ lòun kọ́kọ́ gbá, igi á kàn yọ̀ tẹ̀rẹ́ lórí ẹ̀ wọ abẹ́ bọ́ọ̀lù, ó máa dún dáadáa, ẹ máa rò pé ẹ ti gbọ́n, títí ẹ máa fi dórí koríko. Ohun tí mò ń ṣe báyìí ni pé mo ká tówẹ́ẹ̀lì kékeré kan, mo gbé e sẹ́yìn bọ́ọ̀lù fóòmù, bí ìka mẹ́rin, tí igi bá ti kan tówẹ́ẹ̀lì, ẹ ti gbá ilẹ̀ nìyẹn, kò sí àríyànjiyàn. Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́ tówẹ́ẹ̀lì yẹn ń fò kiri pálọ̀. Màmá tó ń gbé ìsàlẹ̀ wa gòkè wá ní alẹ́ ọjọ́ kan, wọ́n kúnlẹ̀ ọ̀rọ̀ fún mi, wọ́n ní "Bàbá òkè, ẹ jọ̀ọ́, ìgbà wo lẹ máa gún iyán yìí tán?" Mo dọ̀bálẹ̀, mo bẹ̀ wọ́n, mo ra fóòmù tí wọ́n fi ń ṣe bẹ́ẹ̀dì tẹ́ sábẹ́ máàtì, mi ò sì kì í gbá a kọjá aago mẹ́jọ mọ́.

Putting, ìyẹn rírọra ti bọ́ọ̀lù wọ ihò, ẹ má wulẹ̀ fi ẹ̀rọ gọ́ọ̀fù inú ilé ṣe é, ó kéré tán irú tèmi yìí. Kò mọ bí ọwọ́ ṣe ń rọra tì í, kódà tẹ́ ẹ bá ti súnmọ́ ihò áàpù á fi í wọlé fún yín, ta ló máa ṣe ìyẹn fún yín ní Ìkejà? Mo lo agolo mílíìkì kékeré lórí kápẹ́ẹ̀tì. Ihò gidi fẹ̀ tó mílímítà 108, agolo yẹn kéré sí i dáadáa, tí bọ́ọ̀lù yín bá ti ń kan agolo láti ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà, ẹ máa rí ihò pápá bí ẹnu kànga.

Àwọn èèyàn ti ń bi mí pé ṣé kí àwọn kúkú ra oní-rédà bíi Garmin Approach R10, tó máa ń dúró sẹ́yìn èèyàn tó ń wo bọ́ọ̀lù bó ṣe ń lọ. Ó dáa, bọ́ọ̀lù gidi ló ń wò, ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ fi tépù wọn ilé yín: ó fẹ́ bí ẹsẹ̀ bàtà 6 sí 8 lẹ́yìn bọ́ọ̀lù, ó tún fẹ́ bíi 8 níwájú kó tó kan nẹ́ẹ̀tì. Nínú fúláàtì tiwa, ìyẹn túmọ̀ sí pé ẹ̀rọ á wà ní kíṣìnì, nẹ́ẹ̀tì á wà ní bálíkóńì. Mo béèrè lọ́wọ́ ìyàwó mi. Ó kàn wo òkè, ibi tí fáànù wà.

Mo ti ń gbá 99, 101 báyìí. Owó tí mo jẹ́ ọ̀rẹ́ mi, mo ti san án.

Sátidé tó kọjá, ọmọ mi ní òun máa tẹ̀ lé mi, torí ó dá a lójú pé òun ló mọ̀ ọ́n jù nílé. Bàbá kádì bá a wá iron kékeré kan, ó gbé bọ́ọ̀lù kalẹ̀ fún un. Ó ju ọrùn ọwọ́ pẹ́ẹ́ bó ṣe máa ń ṣe lórí àga. Afẹ́fẹ́. Ó tún un ṣe, afẹ́fẹ́. Ẹ̀kẹta, koríko. Bàbá tẹ̀ lórí ba sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, mi ò gbọ́ ohun tó sọ, ṣùgbọ́n mo rí ẹnu ọmọ náà tó ń mì, mo mọ ohun tó ń wí. Bọ́ọ̀lù dún tó! Ó dìde nílẹ̀, ó lọ, ó bọ́, ó yí díẹ̀. Ó yíjú sọ́tùn-ún, ó yíjú sósì, ó wo ojú ọ̀run pàápàá, ó ní "Dádì, níbo ni yáàdì ẹ̀ wà?"

Bàbá ní "Lọ kà á."

Ó gbé igi léjìká, ó ń gbẹ́sẹ̀ gígùn gígùn lọ sídìí bọ́ọ̀lù ẹ̀, ó ń kà á sókè kí gbogbo pápá lè gbọ́.